Màríyámọ̀ Kúnlẹ̀ Ti Príńtà Rẹ̀

Kí àwọn òpùrọ́ Ìkòsì tó ba ìtàn yìí jẹ́, ẹ jẹ́ kí n yára sọ ọ́: èmi nìkan ni mo rí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù Bọ̀ọ̀dá Bọ̀wálé lọ́jọ́ yẹn. Mi ò sọ pé èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀ o. Èrò tó wà níbẹ̀ lè kún ọjà Mile 12 kó tún ṣẹ́ kù fún Ojota. Àmọ́ kéèyàn wà níbì kan yàtọ̀ sí kéèyàn rí nǹkan. Ẹnu Bọ̀ọ̀dá Bọ̀wálé ni gbogbo wọn ń wò, torí ẹnu náà ń hó bí ọṣẹ. Èmi ni mo ń wo Màríyámọ̀. Ojú mi yìí, tó lè ka nọ́ńbà mọ́tò láti Ketu nígbà tí mọ́tò ṣì wà ní Ìkòròdú, ara Màríyámọ̀ ni mo gbé e lé títí wọ́n fi pe ìrun Alásàrí, mi ò sì ṣẹ́jú.

Oòrùn ọjọ́ yẹn kì í ṣe oòrùn ọmọ èèyàn. Adìyẹ kan yé ẹyin sẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, ẹyin jinná kó tó balẹ̀. Alángbá tó fẹ́ sọdá títì ń fò ṣánṣán bí ẹni tí wọ́n ń lù ní pàṣán. Abẹ́ páànù ṣọ́ọ̀bù náà ni Màríyámọ̀ wà, òun àti príńtà rẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ ń pariwo lẹ́yìn ilé, òógùn ti bò ó lójú débi tó fi dà bíi pé ó ń sunkún. Kò sunkún o. Màríyámọ̀ kì í sunkún. Ọjọ́ tí kẹ̀kẹ́ Márúwá gun ún lẹ́sẹ̀, kẹ̀kẹ́ ló bẹ̀ ẹ́.

Ìsẹ́yìn ló ti wá. Bọ̀ọ̀dá Bọ̀wálé, àbúrò bàbá rẹ̀, ló mú un wá sí Èkó pé kó wá kọ́ iṣẹ́ sítíkà títẹ̀. Ó kọ́ṣẹ́, ó sìn ín, ó gbá ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù títí ilẹ̀ fi ń dán bíi dígí. Nígbà tó gba fíríìdọ̀mù, Bọ̀ọ̀dá pe àwọn ará àdúgbò jọ, ó ṣàdúrà títí ọ̀fun rẹ̀ fi gbẹ, ó wá fọwọ́ lu ọ̀kan nínú àwọn príńtà rẹ̀. Ó ní, "Màríyámọ̀, tìẹ nìyí. Òun lo máa fi jẹun." Gbogbo èèyàn ní àmín. Àmín ọjọ́ yẹn, wọ́n gbọ́ ọ ní Ṣàgámù. Láti ìgbà náà, igun kan nínú ṣọ́ọ̀bù Bọ̀ọ̀dá ni príńtà náà wà. Màríyámọ̀ ń fi ṣiṣẹ́ ara rẹ̀, ó sì ń wá ibi tó máa gbé e lọ, kí òun náà lè di ọ̀gá ara òun.

Ṣé ẹ mọ irú príńtà tí mò ń sọ? Kì í ṣe èyí tó ń mu yíǹkì. Ooru ló fi ń kọ̀wé. Orí rẹ̀ jẹ́ irin pẹlẹbẹ kan báyìí. Bí bébà bá ti ń gba abẹ́ orí yìí kọjá, ibi tó bá gbóná lára orí ni bébà á ti dúdú. Tí ooru ò bá tó, ohun tó kọ á ṣá bí aṣọ tí wọ́n ti fọ̀ láfọ̀jù. Tí ooru bá wá pọ̀ jù, ilà á wú, á fẹ̀, á lẹ̀ mọ́ èkejì rẹ̀ bí àwọn tí wọn ò tíì ríra láti ọdún Iléyá tó kọjá. Ìyẹn gan-an ló fa wàhálà.

Ẹnì kan ṣoṣo ni oníbàárà Màríyámọ̀. Aunty Ṣùkúrátù ni. Mile 12 ló ti ń ra ata rodò àti tàtàṣé, á ṣa èyí tó dáa, á dì í sínú láílọ́ọ̀nù, á kó o lọ fún ilé ìtajà ńlá kan ní Ìkẹjà. Sítíkà gbọ́dọ̀ wà lára láílọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan. Orúkọ ata á wà níbẹ̀, àwọn ilà gbọọrọ-gbọọrọ á wà nísàlẹ̀ rẹ̀, èyí tí ẹ̀rọ ibẹ̀ máa ń fi ojú iná pupa kà. Tí ẹ̀rọ ò bá rí ilà kà, ata kò wọlé nìyẹn, ì báà jẹ́ ata ọba.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, kò tíì pẹ́ tí Màríyámọ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù tí Aunty Ṣùkúrátù fi já bọ́ láti orí ọ̀kadà pẹ̀lú agbọ̀n kan lórí. Ariwo rẹ̀ ti dé kí òun tó dé.

"Màríyámọ̀! Màríyámọ̀ o! Wọ́n tún dá ata mi padà!"

"Gbogbo ẹ̀, Aunty?"

"Àwọn tó wà lókè wọlé. Àwọn tó kù, ẹ̀rọ wọn wò ó títí, ó ní òun ò rí nǹkan kan. Wò ó! Wò ó fúnra ẹ!" Ó fa láílọ́ọ̀nù kan yọ, ó nà án sí i. "Ṣé ilà nìyí àbí ewé ata ló jóná?"

Màríyámọ̀ wò ó. Sítíkà àkọ́kọ́ nínú róòlù máa ń mọ́ tónítóní, ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ bí iṣẹ́ bá ti ń lọ, ilà á bẹ̀rẹ̀ sí í wú, nígbà tó bá fi máa dé àárín róòlù, gbogbo ẹ̀ á ti di odindi dúdú kan. Ó ti fọ orí príńtà títí, ó ti pààrọ̀ bébà, ó ti gbàdúrà sí i. Kò gbọ́.

Bọ̀ọ̀dá Bọ̀wálé ti gbọ́ ariwo, ó jáde láti ẹ̀yìn ilé, tòun ti píọ̀wọ́tà dídì lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ píọ̀wọ́tà yìí dáadáa, torí òun ni ìtàn. Ọgbọ́n tí Bọ̀ọ̀dá fi ń yangàn jákèjádò Ìkòsì nìyẹn. Bí príńtà bá ti ń gbóná, á ṣí ìdérí rẹ̀ kúrò, á gbé píọ̀wọ́tà tó ti dì gbagidi lé ẹ̀yìn irin orí rẹ̀, bí ẹni gbé aṣọ tútù lé iwájú orí ọmọ tó ní ibà. Gbogbo onísítíkà láti Ketu dé Ọ̀wọ̀rọ̀ ló ti kọ́ ọ lọ́dọ̀ rẹ̀. Lọ́wọ́ kejì ẹ̀wẹ̀, á yí bọ́tìnì ooru, èyí tí wọ́n ń yí bíi ti rédíò, á yí i dé òpin pátápátá, torí oníbàárà fẹ́ dúdú. Ní ọjà tiwa, wọ́n á na sítíkà sójú oòrùn ni. Tí kò bá dúdú bí ìdí ìkòkò, wọ́n á ní o ti rẹ́ àwọn jẹ.

"Kí ló tún dé?" Bọ̀ọ̀dá bi wọ́n.

"Bọ̀ọ̀dá, wọ́n tún dá a padà," ni Màríyámọ̀ wí.

"Ṣé o gbé omi lé e?"

"Mo gbé omi lé e, sà."

"Omi dídì?"

"Ó dì débi pé ó já mi lọ́wọ́ jẹ, sà."

Bọ̀ọ̀dá mí kanlẹ̀. Ó wo príńtà bí ẹni wo òkú. "Ó tán. Orí ti kú nìyẹn. Nígbà tí omi dídì bá ti wà lórí nǹkan, tí nǹkan náà ò tutù, ó ti kú." Ló bá na ọrùn síta. "Testimony! Testimony dà?"

Testimony ni ọkùnrin tó ń wá irin àlòkù kiri, á kó o lọ sí Owódé Onírin. Kò jìnnà. Àwọn tó ń ra irin kì í jìnnà síbi tí nǹkan bá ti fẹ́ kú, igúnnugún á kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Ó yọ tòun ti bárò àti òṣùwọ̀n ìgbékọ́ rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ọ̀gá, èwo ni kí n wọ̀n?"

"Èyí tó wà ní igun yẹn. Màríyámọ̀, má kọminú. Príńtà mi yòókù ṣì wà. Wàá padà sábẹ́ mi, wàá máa bá mi ṣiṣẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Kí lo fẹ́ fi ọ̀gá ṣe gan-an? Ọmọbìnrin ni ẹ́."

Wàá padà sábẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Màríyámọ̀ lára ju oòrùn lọ. Mo rí i bó ṣe wọlé láti etí, mo rí i bó ṣe gba ọ̀nà ọ̀fun sọ̀kalẹ̀, mo rí ibi tó dúró sí nínú ikùn rẹ̀. Bí príńtà yẹn bá fi lè gun bárò báyìí, ó mọ̀ pé ìgbálẹ̀ ni òun máa padà sí, títí eyín òun á fi yọ.

Ló bá kúnlẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù yẹn tóóró. Láàárín káńtà àti ògiri, ẹnì kan ṣoṣo ló lè gba ibẹ̀ kọjá, kó sì fa ikùn mọ́ra. Àárín ibẹ̀ gan-an ni Màríyámọ̀ kúnlẹ̀ sí, eékún méjèèjì nílẹ̀, ọwọ́ lẹ́yìn, príńtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ má bínú, sà. Rárá."

"Rárá kí ni?"

"Rárá, ẹ ò ní tà á."

Jẹnẹrétọ̀ pàápàá dákẹ́, mo búra.

"Màríyámọ̀, èmi lò ń bá sọ̀rọ̀?"

"Ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀, sà. Ìdí tí mo fi kúnlẹ̀ nìyẹn."

"Dìde níbẹ̀!"

"Ẹ ò tíì dá mi lóhùn, sà. Mo ṣì ń bẹ̀ yín."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ta ló lè fo ọmọ tó kúnlẹ̀ fún un dá? Bọ̀ọ̀dá gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó gbé e kalẹ̀. Ó gbé tòsì, ó gbé ìyẹn náà kalẹ̀. Testimony na ọrùn, ó wò ó bóyá òun lè gba orí káńtà. Màríyámọ̀ kàn wò ó lẹ́ẹ̀kan. Testimony ní òun ò kánjú, kí wọ́n máa bá ọ̀rọ̀ wọn lọ.

Làwọn ìyá tó ń kọjá lọ sọ́jà bá bẹ̀rẹ̀ sí í dúró. Ẹ mọ àwọn ìyá wa. Tí wọ́n bá ti rí ọmọ lórí eékún, wọn kì í bèèrè ohun tó ṣe, ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n ń bá a bẹ̀.

"Bọ̀wálé, ọmọ kúnlẹ̀ fún ẹ, o ò gbé e dìde! Ṣé o fẹ́ kí eékún ẹ̀ bó ni?"

"Fi ọwọ́ wọ́nú, jàre. Ọmọdé ni."

"Kí lo ṣe fún wọn, ọmọ mi?"

"Mò ń bẹ̀ wọ́n ni, mà."

"O ṣeun, ọmọ dáadáa. Kí lò ń bẹ̀ wọ́n sí?"

"Pé kí wọ́n má fọwọ́ kan nǹkan mi, mà."

Ẹ̀rín bú yẹ̀ẹ̀. Ẹ̀rín yẹn gbé fìlà lórí Bọ̀ọ̀dá Bọ̀wálé, ó gbé e lọ sórí páànù. Ojú rẹ̀ pọ́n ju tàtàṣé inú agbọ̀n lọ.

"Ó dáa," ó ní. "Ó dáa! Ẹ̀yin èèyàn, ẹ gbọ́ mi. Róòlù tuntun nìyí. Kó tẹ̀ ẹ́ tán kí Ládàánì tó pe Alásàrí. Tí fóònù Ṣùkúrátù, tó ń ka ilà bíi ti ẹ̀rọ Ìkẹjà, bá lè ka èyí àkọ́kọ́, tó tún ka èyí tó kẹ́yìn, kó máa mú príńtà ẹ̀ lọ. Tí kò bá kà á, Testimony á gbé e, ìwọ Màríyámọ̀ á padà sábẹ́ mi, mi ò sì ní gbọ́ rárá lẹ́nu ẹ mọ́ láyé."

"Mo gbà, sà," ni Màríyámọ̀ wí. Kò dìde o. Ó mọ̀ pé bí òun bá fi lè dìde pẹ́nrẹ́n, àyè ti ṣí nìyẹn. Orí eékún ló ti na ọwọ́ fa róòlù, orí eékún ló ti tẹ bọ́tìnì.

Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ nìyí, tí mo ní èmi nìkan ni mo rí.

Láti ìgbà tó ti ń lo príńtà yẹn, orí ìdúró ló máa ń wà, òkè ló ti ń wò ó. Ọjọ́ yẹn ni ojú rẹ̀ kọ́kọ́ bá orí príńtà dọ́gba, nítorí ìkúnlẹ̀. Bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́, ooru kan ń fẹ́ jáde láti iwájú orí náà, ó ń lù ú lẹ́rẹ̀kẹ́, ooru tó lè yan àgbàdo. Àmọ́ nígbà tó fọwọ́ kan irin tó wà lẹ́yìn orí kan náà, ó tutù bí ẹsẹ̀ òkú. Iwájú ń jó, ẹ̀yìn ń gbọ̀n. Ó tẹ etí síbẹ̀. Ó wo abẹ́ píọ̀wọ́tà. Nǹkan kékeré kan wà níbẹ̀ tí kò kà sí rí, kò ju hóró ẹ̀wà lọ, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ méjì wà nídìí rẹ̀, ó lẹ̀ mọ́ irin náà. Omi dídì jókòó lé e lórí gbàgà bí ìyàwó ilé.

Màríyámọ̀ gbé omi náà kúrò díẹ̀. Sítíkà tó tẹ̀ lé e, bákan náà ni. Àwọn tó tún tẹ̀ lé ìyẹn, ilà bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Ó gbé omi padà. Ilà tún sanra. Ó gbé e kúrò, ó rù. Ó gbé e padà, ó sanra. Ọmọbìnrin náà bú sẹ́rìn-ín lórí eékún, gbogbo èèyàn rò pé oòrùn ti wọ̀ ọ́ lórí.

"Bọ̀ọ̀dá! Omi yìí ló ń dáná sí i!"

"Kí lo wí?"

"Nǹkan kékeré yìí ni príńtà fi ń mọ̀ bóyá ara òun gbóná. Tó bá mọ̀ pé òun ti gbóná, á dín iná kù fúnra ẹ̀. Ẹ wá lọ gbé omi dídì lé e lórí! Ó rò pé ọyẹ́ ló dé. Ó ń fi iná kún iná, torí ó ṣe bí òtútù ń mú òun!"

"Omi ń dáná!" ni Testimony kígbe. "Ẹ̀yin ará, ẹ wá gbọ́! Ní Ìkòsì, omi ń dáná! Ẹ wá fi se ìrẹsì!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ẹnì kan fi ṣubú sínú gọ́tà. Bọ̀ọ̀dá Bọ̀wálé ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Omi dídì yẹn ni iyì rẹ̀ ládùúgbò. Kí ọmọ tó kúnlẹ̀ nílẹ̀ ní omi dídì ló ń ba nǹkan jẹ́? Ó wọnú ilé lọ, ó gbé píọ̀wọ́tà kan wá tó dì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Òkúta ni o! Tí wọ́n bá sọ ọ́ lu ògiri, ògiri ló máa wó. Ó na ọwọ́ gba orí Màríyámọ̀ kọjá, ó gbé e lé príńtà lórí gbì.

"Tẹ̀ ẹ́ báyìí. Jẹ́ kí wọ́n rí irọ́ ẹ."

"Ẹ ṣé, sà," ni Màríyámọ̀ wí, ó sì tẹ̀ ẹ́.

Sítíkà bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ti àkọ́kọ́ dúdú. Èyí tó tẹ̀ lé e dúdú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tó ṣe díẹ̀, kò sí orúkọ ata mọ́, kò sí ilà mọ́, dúdú ló kù, dúdú tó ń dán, bébà ń ká kò bí ewé tó bá iná pàdé. Èéfín yọ. Èéfín yẹn ga débi pé wọ́n rí i ní Ìbàdàn, àwọn panápaná ibẹ̀ wọ bàtà. Aunty Ṣùkúrátù gbé fóònù rẹ̀ sí i. Fóònù wò ó títí, kò fọhùn.

"Bọ̀wálé," ni Aunty Ṣùkúrátù wí wẹ́rẹ́, "ata mi lo ti ń yan láti ọjọ́ yìí wá?"

Bọ̀ọ̀dá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ lé èéfín.

Màríyámọ̀ gbé píọ̀wọ́tà náà, ó jù ú síta láìdìde. Mo fojú tẹ̀ lé e. Ó fò kọjá orí ọjà èso Ketu, ó sọdá títì Ìkòròdú, mi ò mọ ibi tó balẹ̀ sí, àmọ́ lọ́jọ́ kejì wọ́n ní yìnyín rọ̀ ní Ọ̀gúdù.

Ó pa príńtà. Ó fi etí aṣọ rẹ̀ nu omi kúrò lára irin, ó fi òwú àti sípíríìtì nu orí, gbogbo ìdọ̀tí dúdú tó ti sun mọ́ ọn lára ń ṣí bí èépá ojú egbò. Lẹ́yìn náà ó káwọ́ lẹ́yìn, ó ń wò ó.

"Kí lo tún ń dúró dè?" Bọ̀ọ̀dá jágbe. "Alásàrí ń bọ̀ o!"

"Mò ń jẹ́ kó mí, sà."

"Kó mí? Ọmọ èèyàn ni?"

"Ẹ̀yin náà ń mí, sà. Láti àárọ̀ lẹ ti ń pariwo."

Àwọn ìyá pàtẹ́wọ́. Màríyámọ̀ fi ẹ̀yìn ọwọ́ wo ẹ̀gbẹ́ príńtà, bí ìyá ṣe ń wo ara ọmọ. Nígbà tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó tàn án. Ó wá di bọ́tìnì ooru mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí i padà sẹ́yìn, kúrò lópin, kúrò lágbedeméjì, ó rẹlẹ̀ díẹ̀ sí i. Ó dín eré bébà kù pẹ̀lú. Sítíkà kan jáde; òun la kà sí àkọ́kọ́, torí Bọ̀ọ̀dá fúnra ẹ̀ ló sun àwọn ti tẹ́lẹ̀.

Aunty Ṣùkúrátù gbà á, ó nà án sójú oòrùn, ó yọ ṣùtì. "Háà! Màríyámọ̀! Kí lèyí? Ó ti ṣá! Wọ́n á ní ayédèrú ni mò ń kó wá. Fi iná kún un, jọ̀ọ́."

"Mi ò ní fi kún un, Aunty."

"Èmi oníbàárà lò ń sọ fún?"

"Ẹ̀yin ni mò ń sọ fún, mà. Ojú ọjà kọ́ ló ń kà á, ojú ẹ̀rọ ni. Ibi funfun tó wà láàárín àwọn ilà yẹn, ẹ̀rọ ń kà á pẹ̀lú. Ẹ̀yin lẹ fẹ́ dúdú, òun ò fẹ́ dúdú. Ẹ fi fóònù wò ó kẹ́ ẹ tó bú mi."

Aunty fi fóònù wò ó. Fóònù ní *píì!* Ó lóhùn bí àkùkọ. Orúkọ ata yọ lójú fóònù: rodò.

"Ẹ̀n-ẹ́n," ni Aunty Ṣùkúrátù wí.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe kó kàn máa rọ́ lọ bíi ti tẹ́lẹ̀ o. Á tẹ̀ ẹ́ fún ìgbà díẹ̀, á dáwọ́ dúró, á fi ẹ̀yìn ọwọ́ wò ó, á tún tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó dé àárín róòlù, níbi tí wàhálà ti máa ń bẹ̀rẹ̀, ó rí i pé ilà kan fẹ́ẹ́ wú. Ọkàn rẹ̀ ń sọ fún un pé kó sáré, Ládàánì ti wọ mọ́sálásí, òun náà ti gbọ́ tó ń wúkọ́ sínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ó dáwọ́ dúró síbẹ̀. Ó yí bọ́tìnì sẹ́yìn ní ìwọ̀n èékánná, ó jókòó lé gìgísẹ̀ rẹ̀, ó ń wo Bọ̀ọ̀dá lójú. Eékún rẹ̀ ti wọ inú símẹ́ńtì. Ẹ lọ wò ó, kòtò méjì ṣì wà níbẹ̀ títí dòní, òjò rọ̀ sí i, àkèré ti bímọ síbẹ̀.

"Wo bó ṣe ń wò mí," Bọ̀ọ̀dá wí fún èrò. "Ọmọ tí mo tọ́!"

"Ẹ̀yin lẹ tọ́ mi, sà. Ẹ tọ́ mi dáadáa."

Ó tún tẹ̀ ẹ́. Róòlù ń rù, sítíkà ń ga nílẹ̀. Bọ̀ọ̀dá Bọ̀wálé ti ń ka àwọn tó jáde pẹ̀lú ojú, ó ń wá ẹyọ kan tó wú. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú ọ̀kan, ó sọ ọ́ nù. Ó mú òmíràn. Òógùn ń bọ́ láti àgbọ̀n rẹ̀ sórí káńtà. Testimony ti yọ òṣùwọ̀n rẹ̀ kúrò lọ́rùn, ó kó o sínú bárò, ó wá ń wo bí ẹni tó ń wo bọ́ọ̀lù.

Bí èyí tó kẹ́yìn ṣe jáde tán báyìí ni Ládàánì gbé ohùn sókè. *Allāhu akbar.* Màríyámọ̀ fa sítíkà náà ya, ó nawọ́ ẹ̀ sí Aunty Ṣùkúrátù láìwò ó. Kò lè wò ó. Príńtà ló ń wò, ó di etí rẹ̀ mú bí ẹni tó di ọmọ mú létí odò.

Aunty gbé fóònù sí i.

Fóònù ò fọhùn.

Ó sún un mọ́ ọn. Kò fọhùn. Ó fà á sẹ́yìn. Kò fọhùn. Bọ̀ọ̀dá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín díẹ̀díẹ̀, ó ti ń yíjú sí Testimony. Nínú Màríyámọ̀, nǹkan kan ń wó lulẹ̀, mo gbọ́ ìró rẹ̀ láti ìta. Àmọ́ kò dìde. Ó tún eékún rẹ̀ ṣe, ó fẹ̀ ẹ́ sí i, bí ẹni tó ń wí pé tí wọ́n bá tiẹ̀ máa gbé e, wọ́n á kọ́kọ́ gbé òun.

"Aunty," ló wí, ohùn rẹ̀ le, "ẹ nu ojú fóònù yín. Òógùn yín ló wà níbẹ̀. Sítíkà mi ò ṣe nǹkan kan."

Aunty Ṣùkúrátù yí fóònù padà. Lóòótọ́, òógùn ti bo ojú ibi tó fi ń wo nǹkan. Ó fi iró nù ún, ó tún gbé e sí i.

*Píì!*

Ariwo tó sọ, mi ò lè ròyìn ẹ̀. Ata fò jáde látinú agbọ̀n. Àwọn tó ń lọ kírun yà wá wò ó kí wọ́n tó sáré lọ. Ìyá kan tí kò mọ nǹkan kan nípa príńtà gbé Màríyámọ̀ lọ́wọ́ sókè, ó ní ó ti borí, kò mọ ohun tó borí.

Bọ̀ọ̀dá Bọ̀wálé dúró bí òpó iná tí kò níná.

"Dìde," ó wí. Ohùn rẹ̀ ò dé ibì kankan.

"Ta ló ni príńtà, sà?"

"Màríyámọ̀, mo ní kó o dìde."

"Mo gbọ́, sà. Ta ló ni ín?"

Ó wo èrò. Èrò wò ó. Ó wo Testimony. Testimony ń wo àwọsánmà.

"Ìwọ lo ni ín!" Bọ̀ọ̀dá jágbe. "Ìwọ! Gbé e! Gbé e kúrò níwájú mi kí n tó ṣe ara mi léṣe! Ṣùgbọ́n gbọ́ o, Màríyámọ̀, bó o bá ti gbé e kọjá ẹnu ọ̀nà yìí, má wá bi mí ní nǹkan kan mọ́ láyé!"

"Ẹ ṣeun, sà. Ọlọ́run á dá yín sí fún wa."

Ìgbà yẹn ló tó dìde. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kú láti ìbàdí dé àtàǹpàkò, ó fẹ́ ṣubú, Aunty Ṣùkúrátù na ọwọ́. Kò gbà á. Ó di káńtà mú títí ẹ̀jẹ̀ fi padà sí i lẹ́sẹ̀. Ó yọ príńtà kúrò lára wáyà, ó ká ìborùn rẹ̀ ṣe òṣùká, ó gbé e rù. Ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́.

"Ibo lò ń gbé e lọ?" Aunty bi í.

"Ibi tẹ́ ẹ ti ń di ata, Aunty. Ẹ fún mi ní igun kan tí oòrùn ò dé. Ara príńtà mi ò gba ìyà mọ́."

"Igun nìkan kọ́. Wá mú odindi ògiri kan."

Ó jáde. Ó sọdá títì Ìkòsì tòun ti príńtà lórí, ọwọ́ kò kàn án. Mọ́tò dúró. Ọ̀kadà dúró. Tírélà tó ń gbé tòmátò bọ̀ láti òkè Ọya tẹ bíréèkì, táyà rẹ̀ kọrin. Awakọ̀ yọrí pé ta ni ọlọ́run yìí. Màríyámọ̀ ò wo ẹ̀yìn, ó ń lọ tààrà sí Mile 12 bí ẹni tó ni ọjà.

Mo mọ̀ pé o ti ń mi orí. O ti ń wí nínú ara ẹ pé omi dídì kì í dáná, pé ọmọ kì í ti orí eékún ṣẹ́gun àgbà. Dákẹ́ ẹnu ẹ. Ṣé ìwọ lo wà níbẹ̀ ni? Ṣé ìwọ lo fi ojú ẹ méjèèjì wò ó láìṣẹ́jú, tí ojú ẹ fi gbẹ bí panla? Èmi ni. Tó o bá ní ẹyọ ọ̀rọ̀ kan péré ni irọ́ níbẹ̀, jáde síta, jẹ́ ká pàdé. Tí o ò bá lè jáde, jókòó síbẹ̀, kó o sì gbà mí gbọ́. Gbogbo ẹ̀ ni kó o gbà gbọ́, títí kan yìnyín Ọ̀gúdù.